Ìlẹ̀kẹ̀ Ìbànújẹ́ Méje ti Ìyá Wa: kóró rẹ̀ dára, wáyà rẹ̀ kò dára, mẹ́dàlì kẹta sì fẹ́ àlàyé

Ẹni tó mọ rósárì ojoojúmọ́ nìkan, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tí àwa Kátólíìkì ń kà, tó wá gbé Ìlẹ̀kẹ̀ Ìbànújẹ́ Méje ti Màríà Ìyá Wa lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, á wá kóró Baba Wa títí, kò sì ní rí i. Rósárì tí gbogbo wa mọ̀ ní kóró 59: 53 fún àdúrà Mo kí ọ Màríà, 6 fún Baba Wa. Èyí ní 52 péré. Kóró 49 ló yí okùn ká ní ọ̀wọ́ méje, méje-méje nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tó kù wà ní ìrù rẹ̀. Mẹ́dàlì ló pààlà láàárín ọ̀wọ́ kan àti èkejì, orí mẹ́dàlì náà la sì ti ń ka Baba Wa. Ní ìdí ìrù, níbi tí ojú ti ń retí àgbélébùú, mẹ́dàlì ńlá kan ló wà níbẹ̀: Ìyá Wa pẹ̀lú idà méje ní àyà.

Mo tètè sọ èyí torí mo ti rí àwọn tó dá a padà fún ẹni tó tà á, tí wọ́n ní kò pé. Ó pé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Igi ólífì ni wọ́n fi ṣe kóró tèmi. Wọn ò kùn ún lọ́dà, wọn ò sì fi nǹkan dídán pa á lára, ìlà inú igi sì hàn kedere. Kóró kan ò dọ́gba pẹ̀lú èkejì tán. Òmíràn fẹ̀ díẹ̀, òmíràn rí gbọọrọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ìka ẹni máa ń mọ ibi tó dé láìjẹ́ pé ojú wò ó, kóró ò sì ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń làágùn bí ti rọ́bà tó ń dán. Àwọn tó ṣe é gbìyànjú níbẹ̀.

Wáyà ni wọn ò gbìyànjú lé lórí. Tín-ín-rín ni, wọ́n kàn ká a ní òrùka kéékèèké láti so kóró mọ́ kóró, àwọn òrùka náà ò sì pa ẹnu dé dáadáa. Ó ń fa òwú aṣọ yọ. Èyí tó so ọ̀wọ́ karùn-ún mọ́ mẹ́dàlì rẹ̀ ti la ẹnu sílẹ̀ láti inú páálí, àfi ìgbà tí mo fi ẹ̀mú fún un pa. Kí ẹ tó fi í sápò, ẹ fi ọwọ́ tọ gbogbo òrùka rẹ̀ wò. Àwọn kan náà ń ta irú rẹ̀ tí wọ́n fi okùn ta ní kókó-kókó. Ká ní mo mọ̀ pé ó wà ni, òun ni ǹ bá rà, kì í já bọ̀rọ̀.

Mẹ́dàlì rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwòrán ara rẹ̀ sì yọ sókè débi tí àtàǹpàkò fi lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹfà àti èkeje nìkan ló jọra jù. Nínú òkùnkùn, òkú Jésù lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àti òkú Jésù tí wọ́n ń gbé wọ ibojì, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ lábẹ́ ìka. Kò kúkú ṣe nǹkan kan, torí ẹni tó ti ka márùn-ún mọ ohun tó kàn.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí: àwọn Ìránṣẹ́ Màríà ló tan ìfọkànsìn yìí ká, ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tí ọkùnrin méje dá sílẹ̀ ní Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, ní 1233. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ni Ìjọ ń ṣe ìrántí Ìyá Ìbànújẹ́, ọjọ́ kejì àjọ̀dún Àgbélébùú Mímọ́. Nígbà tiwa yìí, Kibeho ní Rwanda ló tún jí i dìde. Láti 1981 ni àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ ti ń sọ pé Ìyá Wa ń fara hàn wọ́n, ọ̀kan nínú wọn, Marie Claire Mukangango, sì sọ pé Ìyá Wa ló rán òun kí òun kọ́ àwọn èèyàn ní ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Wọ́n pa Marie Claire nínú ìpakúpa ọdún 1994. Ní 2001, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kéde pé ìfarahàn náà ṣeé gbàgbọ́.

Ìbànújẹ́ méje náà ni àsọtẹ́lẹ̀ Símíónì, sísá lọ sí Íjíbítì, ọjọ́ mẹ́ta tí Jésù fi sọnù, ìgbà tí ìyá pàdé ọmọ lójú ọ̀nà Kálfárì, ikú lórí àgbélébùú, sísọ òkú rẹ̀ kalẹ̀, àti ìsìnkú. A ó ka Baba Wa kan àti Mo kí ọ Màríà méje lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi Mo kí ọ Màríà mẹ́ta parí nítorí omijé Ìyá Wa. Kò gùn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á ò ní pẹ́ ju ẹni tó ń ka rósárì márùn-ún lọ.

Mẹ́dàlì kẹta ló mú mi kọ èyí.

Ìbànújẹ́ kẹta ni pé ọmọ sọnù. Ọmọ ọdún 12 ni Jésù. Àwọn òbí rẹ̀ ti kúrò ní Jerúsálẹ́mù lẹ́yìn àjọ Ìrékọjá, wọ́n ti rin ìrìn odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí láàárín èrò, ni wọ́n bá padà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Ohun tí mo retí lára mẹ́dàlì ni obìnrin tó ń sáré, ọkùnrin tó ń dá àwọn ará ọ̀nà dúró bi wọ́n léèrè. Ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ yìí yà síbẹ̀ ni ọmọ tó jókòó láàárín àwọn olùkọ́ nínú Tẹ́ḿpìlì, tó na ìka kan sókè bí ẹni tó ń ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ọmọ ti di rírí nínú àwòrán yìí. Lórí rósárì ojoojúmọ́, Ohun Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ karùn-ún lèyí; Ohun Ìjìnlẹ̀ ni ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbésí ayé Jésù àti ìyá rẹ̀ tí a ń ṣàṣàrò lé lórí bí a ṣe ń kà á.

Ẹnì kan tí a jọ ra tiwa pọ̀ ní àṣìṣe ni, pé oníṣẹ́ kàn mú àwòrán tó bá nílẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ to okùn mẹ́ta síwájú ara yín: rósárì tí a mọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yìí, àti Adé Ayọ̀ Méje tí àwọn ọmọlẹ́yìn Fransisi Mímọ́ ń kà, èyí tó ní Mo kí ọ Màríà 72. Ẹ wá wo rírí Jésù nínú Tẹ́ḿpìlì. Nínú rósárì, ayọ̀ karùn-ún ni. Nínú Adé ti Fransisi, ayọ̀ karùn-ún náà ni. Lórí èyí, ìbànújẹ́ kẹta. Ẹ wo Símíónì náà. Rósárì fi í sí ayọ̀ kẹrin, òun ló sì ṣí ìbànújẹ́ sílẹ̀ lórí èyí. Inú orí kan ṣoṣo ni méjèèjì ti wá, orí kejì Ìhìnrere Lúùkù, Ìjọ ò sì sọ fún èyíkéyìí nínú àwọn okùn yìí pé ó parọ́.

Bí mo ṣe rí i ni pé wọn ò pín ayọ̀ àti ìbànújẹ́ fún Ìyá Wa ní àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Símíónì gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ní kí Olúwa jẹ́ kí òun máa lọ ní àlàáfíà torí ojú òun ti rí ìgbàlà, kò sì tíì gbé ọmọ náà sílẹ̀ tó fi yíjú sí ìyá, tó ní idà máa gún un ní ọkàn. Àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì ni àwọn òbí gbé wá fún ìrúbọ, ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká ọ̀dọ́ àgùntàn. Ìdùnnú ni wọ́n bá débẹ̀. Kí ni wọ́n gbé padà lọ sílé? Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì mẹ́nu kan èyí nínú lẹ́tà tó kọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002, èyí tó fi Ohun Ìjìnlẹ̀ Ìmọ́lẹ̀ kún rósárì: ó ní méjì tó kẹ́yìn nínú ti Ayọ̀ ò pàdánù ayọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń tọ́ka sí wàhálà tó ń bọ̀.

A lọ gbàdúrà nílé bàbá kan tí ọmọ wọn obìnrin ṣaláìsí. Ọjọ́ Ajé ni, Ohun Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ ló sì wà fún ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn kan nínú wa ní ká fò ó, ká ka ti Ìbànújẹ́, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì; ta ló máa wọ ilé ọ̀fọ̀ kó máa kéde ayọ̀? Kò sí òfin tó ní ká má pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá náà fúnra wọn ní ká ka ti ọjọ́. Èmi ni mo ń darí, ara mi ò sì balẹ̀.

Bí a ṣe ń kà á ni mo ń gbọ́ ohun tí mo ti kà rékọjá láti kékeré. Màríà lọ kí Èlísábẹ́tì, ọmọ inú Èlísábẹ́tì sọ kúlú fún ayọ̀. Aboyún méjì ń kí ara wọn, wọn ò sì mọ̀ pé Hẹ́rọ́dù Áńtípà máa bẹ́ ọmọ ọ̀kan lórí, Pílátù á ní kí wọ́n kan ọmọ èkejì mọ́gi. Ọmọ dáyé, kò sí àyè nílé èrò. Àwọn amòye gbé wúrà, tùràrí àti òjíá wá. Òjíá yìí náà ni Nikodémù gbé wá pẹ̀lú álóè nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín. Lẹ́yìn àwọn amòye ni Hẹ́rọ́dù tó jẹ́ bàbá Áńtípà pa àwọn ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí Ìjọ ń rántí wọn ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, Kérésìmesì ò tíì tán nílẹ̀. Ta ló sọ fún wa pé Ohun Ìjìnlẹ̀ Ayọ̀ ò yẹ ilé ọ̀fọ̀?

Ni a bá dé ìkarùn-ún, a kà á tán, a ṣe Àmín. Bàbá náà wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn rí tiwọn ní ọjọ́ kẹta."

Kò sẹ́ni tó fèsì. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ?

Ìgbà tó yá ni mo fi ìlẹ̀kẹ̀ yìí hàn wọ́n. Wọ́n yẹ mẹ́dàlì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé orí ìkẹta, wọ́n ní, "Ṣé wọn ò lè ya ìgbà tí wọ́n ń wá a kiri ni?" Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó ṣì ń wá tirẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n yára fi rírí hàn án. Lọ́wọ́ tèmi, mo ṣì fara mọ́ àwòrán náà, torí pé mo ti rí i pé ojú kan náà ni èèyàn fi ń sunkún tó sì fi ń yọ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá fẹ́ ṣe òmíràn, kó ya ìyá àti bàbá lójú ọ̀nà fún àwọn tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń rà á nílò kì í ṣe ọ̀kan.

Nǹkan kan wà tí ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣe tí rósárì ò ṣe, bàbá náà ló sì là mí lójú sí i. Ibojì ló parí sí. Kò sí àjíǹde lórí okùn náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹni tó kà á tán máa wà, pẹ̀lú òkúta lẹ́nu ibojì. Àwọn kan ní àbùkù ni, wọ́n sì máa ń fi Ohun Ìjìnlẹ̀ Ògo kìíní, ìyẹn àjíǹde, ṣe èènì. Èmi kì í fi ṣe é. Ọjọ́rú ń bọ̀ pẹ̀lú ti Ògo, ọjọ́ Àìkú náà ń bọ̀. Ẹni tí ọjọ́ kẹta tirẹ̀ ò tíì pé nílò ibi tó lè jókòó sí tí ẹnikẹ́ni ò ti máa lé e pé kó dìde kó máa yọ̀. Bàbá náà ní ìyẹn bá òun lára mu. Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn, mo ra òmíràn fún ara mi, wáyà rẹ̀ náà ò sì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ayọ̀ àti ìbànújẹ́ wà pa pọ̀ ní gbangba, kó wá ìfọkànsìn Jósẹ́fù Mímọ́ lọ, ti ìbànújẹ́ méje àti ayọ̀ méje. Níbẹ̀, gbogbo ìbànújẹ́ ló ní ayọ̀ tirẹ̀ tí a ń kà tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ Símíónì ni ìbànújẹ́, pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ máa rí ìgbàlà ni ayọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ìsinmi méje ṣáájú ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ni wọ́n sábà máa ń kà á. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yára tu èèyàn nínú. Ìgbà mìíràn wà tí mi ò fẹ́ ìtùnú kíákíá.

Èyí ló gbé mi dé orí ìwé kékeré tó bá ìlẹ̀kẹ̀ yìí wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé àfi kí àgbàlagbà wá ìgò ojú. Gbogbo àṣàrò rẹ̀ kún fún omijé lórí omijé, "ọkàn tó fà ya" ní ojú ìwé kan, "ọkàn tó fà ya" ní ojú ìwé kejì, títí ọkàn ẹni tó ń kà á á fi le bí òkúta. Lúùkù ò kọ ọ́ báyẹn. Èyí tó dùn mí jù ni ìbànújẹ́ kẹta: odindi ojú ìwé kan nípa Màríà tó ń wá ọmọ, orúkọ Jósẹ́fù ò sí níbẹ̀ rárá! Bẹ́ẹ̀ ẹnu Màríà fúnra rẹ̀ ló ti jáde nínú Ìhìnrere pé bàbá rẹ àti èmi ti ń fi ìbànújẹ́ wá ọ kiri. Bàbá ló kọ́kọ́ dá. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò mọ bàbá kankan tó sunkún rí.

Lẹ́yìn ìwé náà, wọ́n to àwọn ìlérí kan sí i, pé ẹni tó bá ń ka ìlẹ̀kẹ̀ yìí lójoojúmọ́ á gba èyí, á gba tọ̀hún. Mi ò ní tún wọn kọ síbí. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn rà á.

Wọ́n tún kọ ọ́ sára páálí pé àlùfáà ti bù kún un. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fi owó lé e fún yín. Ìlànà Ìjọ ni pé bí wọ́n bá ta ohun ìfọkànsìn tí wọ́n ti bù kún, ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n so mọ́ lílò rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Ẹ rà á bí ohun tí wọn ò tíì bù kún, kí ẹ wá gbé e fún Fadá tàbí díákónì yín lẹ́yìn Máàsì. Ìṣẹ́jú kan ni, kì í sì í ṣe títà.

Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún kóró àti mẹ́dàlì, méjì fún wáyà, ọ̀kan péré fún ìwé kékeré. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ rósárì, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí èyí. Kó kọ́kọ́ mọ Ohun Ìjìnlẹ̀ 20 tó wà nínú ti ojoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mọ ibi tí okùn méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà níbi tí kò mọ̀, kí wọ́n rà á. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fi okùn ta, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á fi mẹ́dàlì kẹta hàn yín kí ẹ tó sanwó.